Ìwé Tí Mo Bá Àwọn Ará Ayétẹ̀ Kọ

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹwà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yìn mí ní Ìgbó-Ọrà, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, torí kò sí nǹkan míì tó lè rí sọ. Mọ́dà Tú, kíláàsì kejì iléèwé mọ́dà, ni mo bá ìwé dé. Bàbá mi wo ìwé owó iléèwé, ó wo ewúrẹ́ kan tó kù nílé, ó wo èmi náà. Ewúrẹ́ ló borí. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó nǹkan, ìṣirò mi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń so lẹ́tà mọ́ra wọn, tí wọ́n ń fi ìrù gígùn sí ìdí wọn. Tí mo bá kọ "òmùgọ̀" sílẹ̀, ó máa ń dà bí orúkọ ọba.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ò nílò ọwọ́ tó rẹwà. Igi ni mo ń gé. Kì í ṣe igi oko o, igi àárín ilé ni, èyí tó ti dàgbà ju ilé lọ, tó ń da ewé sínú kànga, tí ẹ̀ka ẹ̀ fẹ̀yìn ti páánù onílé. Bàbá mi ló kọ́ mi. Màá gun igi náà tèmi tàáké, tèmi tayùn, màá so okùn mọ́ ẹ̀ka, àbúrò ìyàwó mi á di okùn náà mú nísàlẹ̀, màá gé e, a ó sì rọra gbé e délẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń gbé ọmọ tó sùn kúrò lẹ́yìn. Igi ńlá kan lè gbà mí lọ́jọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Mi ò fọ́ páánù ẹnikẹ́ni rí, àfi ti ìyá ìyàwó mi, ìyẹn náà ò dùn mí tó bó ṣe yẹ.

Ìgbà Sáàpù, tí gbogbo nǹkan wọ́n, ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan dé láti Ayétẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgégi ni wọ́n gbé wá, wọ́n dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Àgbà nínú wọn sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àbúrò rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ rárá. Iye tí wọ́n ń gbà, ìdajì tèmi ni. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò mọ owó ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Igi tí wọ́n bá gé, àwọn ló ń kó o lọ. Wọ́n á là á wẹ́wẹ́, wọ́n á tà á fáwọn obìnrin tó ń yan gàrí àtàwọn tó ń sun èédú. Díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onígi, igi fúnra ẹ̀ ló ń san ìyókù. Èmi ní tèmi, bàbá mi ti sọ fún mi pé onígi ló ni igi, nítorí náà mo máa ń to gbogbo ẹ̀ jọ síwájú ilé kí n tó lọ. Mo pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí. Ó gbà mí lọ́dún kan àtààbọ̀ kí n tó rí i pé ìwà ọmọlúàbí yẹn gan-an ló ń lé àwọn oníbàárà mi.

Bá a ṣe ń du iṣẹ́ nígbà yẹn ni pé onígi á pe gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. A ó yí igi ká, a ó wòkè, a ó máa mirí bíi dókítà tó ń wo aláìsàn tí ò lówó. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ iye tèmi torí pé mo jù wọ́n lọ. Àgbà àwọn ará Ayétẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ dáa. Ẹ fún àwa ní ìdajì ẹ̀." Màá ká okùn mi, màá gbé e kọ́ èjìká, màá máa lọ sílé.

Láàárín òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, iṣẹ́ márùn-ún ló bọ́ lọ́wọ́ mi báyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn níṣọ̀ onífọkanáísà tá a ti máa ń jókòó. Mo ní ẹ́ńjìnnì ń ba igi nínú jẹ́.

Onífọkanáísà gbójú sókè látorí táyà tó ń fọ̀. "Ṣé igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀ náà ni wọ́n tún ń bà nínú jẹ́?"

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti lọ dúró lẹ́yìn ògiri kan níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn náà ń lo okùn. Bí àbúrò yẹn ṣe ń ta kókó okùn, èmi ò lè ta á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni akọ̀wé kóòtù kan fẹ̀yìntì láti Èrúwà, ó sì wá kọ́lé sínú agboolé wọn níbí. Igi odán kan wà láàárín ilé tuntun náà àti yàrá alámọ̀ tí ìyá ẹ̀ ń sùn. Apá kan igi náà na orí sórí páánù tuntun, apá kejì na orí sórí yàrá ìyá. Ẹni tó bá ṣi ẹ̀ka kan gé, nínú méjèèjì, ó máa ba ọ̀kan jẹ́. Kóòtù ti wọ ọkùnrin yìí lára débi pé wọ́n ní kì í rán ìyàwó ẹ̀ lọ́jà láìkọ ọ́ sínú ìwé tó ní déètì. Nígbà tó pè wá, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ iye lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Iye tí ẹ fẹ́ gbà, bí ẹ ṣe máa gé e, àti ẹni tó máa tún un ṣe tí òrùlé bá bàjẹ́. Ẹ fi sínú ẹ́ńfílóòpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ Sátidé ni màá ṣí i."

Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ayétẹ̀ ò mọ̀wé. Mo ń lọ sílé, mo ń súfèé, mo ń rò ó pé àwọn ewúrẹ́ tí bàbá mi ti tà fún owó iléèwé mi ti wá sanwó padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n yọ sí wa nílé. Àgbà gbé iṣu mẹ́ta dání, àbúrò mú ìwé ẹ̀sáìsì tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí àti báírò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ìwé akọ̀wé yìí náà ni. Ẹ bá wa kọ ọ́."

Mo wò wọ́n títí. "Èmi tá a jọ ń du iṣẹ́ kan náà?"

Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ta la tún mọ̀ ní Ìgbó-Ọrà? Ká gbé e fún ọmọ iléèwé kó kọ ọ́ bí ìgbà tí adìyẹ bá ha ilẹ̀? Ẹ̀yin lẹ lọ́wọ́."

Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò bẹ̀rù pé ọkọ mi á gbọ́ iye yín?"

"Ìyá wa, iye wa ò pamọ́. Ìdajì tiyín ni."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀wà fọ́n ká. Mo gbìyànjú láti bínú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo gba ìwé.

"Ẹ kọ pé àádọ́jọ náírà," àgbà ní. "Ẹ kọ pé okùn la máa fi gbé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Ẹ wá kọ èyí kó hàn gbangba o: tí páánù kan ṣoṣo bá fọ́, tàbí tí yàrá ìyá bá là, àwa la máa tún un ṣe, bó bá gba pé ká ta ẹ́ńjìnnì."

Àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀. "Ẹ fi ti ìyá ṣáájú."

Ẹni tó ń ná náírà mọ bí nọ́ńbà ṣe rí, torí náà mi ò lè fọwọ́ kan iye wọn. Mo kọ ọ́ gbàgàdà. Mo kọ ti okùn. Nígbà tí mo dé ibi òrùlé, ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èṣù ò sí nílé wa lọ́sàn-án yẹn, àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀. Mo ronú nípa iṣẹ́ márùn-ún tó bọ́. Mo ronú nípa ẹ̀rín tí ìyàwó mi rín. Mo wá fi lẹ́tà tó rẹwà jù lọ tí mo tíì kọ rí láyé kọ ọ́ pé: Tí igi bá wó lu òrùlé tàbí yàrá ẹnikẹ́ni, kò kàn wá.

"Ẹ kà á ká gbọ́," àgbà ní.

Mo kà á. Mo fojú sórí ìwé, mò ń fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ, mo sì ń ka ohun tí wọ́n ní kí n kọ, kì í ṣe ohun tí mo kọ. Mo fi ti ìyá ṣáájú. Mo tiẹ̀ dánu dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kí kọ́mà wà. Àbúrò ń wo ìka mi, ojú ẹ̀ ń bá a lọ bí ológbò tó ń wo kòkòrò. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dùn," ó ní. "Ó tún wá dùn sí i nínú ìwé."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi iṣu sílẹ̀, wọ́n lọ. A gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ì bá wù mí kí n lè sọ pé ó há mi lọ́fun. Kò há mi. Mo tún bù sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ tèmi. Mo dín àádọ́ta náírà kúrò nínú iye tí mo máa ń gbà. Nígbà tí mo dé ibi òrùlé, mi ò ronú jìnnà: mo kọ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ síbẹ̀, látorí páánù kan ṣoṣo dórí yàrá ìyá. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni mi ò fi sí i, torí mi ò ní ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, akọ̀wé jókòó sí fàráńdà, ó gbé dígí sójú, ó fi ọ̀bẹ la ẹ́ńfílóòpù. Àwa mẹ́ta dúró síwájú ẹ̀ bí ẹni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè kà á síta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í ka ìwé síta. Ètè ẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó ka tèmi, ó gbé e kalẹ̀. Ó ka tiwọn. Ó bọ́ dígí, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ẹ̀yin ará Ayétẹ̀," ó ní, "ẹ kú òótọ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò ní lè kọ irú èyí sílẹ̀."

Àgbà rò pé ìyìn ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "A dúpẹ́, sà. Ohun tó wà lọ́kàn wa gan-an la sọ."

"Mo rí i," ni akọ̀wé wí. Ó sì gbé iṣẹ́ fún mi.

Bá a ṣe ń jáde, àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ó yìn wá, ó wá gbéṣẹ́ fún yín."

"Bóyá iye yín ló kéré jù," mo ní. "Àwọn olówó, tí nǹkan bá ti dínwó jù, wọ́n á rò pé àléébù wà lára ẹ̀."

Ó gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ìmọ̀ràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gé odán yẹn. Ewé lásán ló kan páánù. Ìyá akọ̀wé jókòó síwájú yàrá ẹ̀, ó ń gbàdúrà fún mi lójoojúmọ́, mo sì ń ṣe àmín látorí igi.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá màá ti gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé fẹ́ràn kó máa fi nǹkan ṣàpẹẹrẹ. Ní mọ́ṣáláṣí, ní sẹ́kítéríàtì, níbi ìsìnkú, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oníṣẹ́ ọwọ́, á ní, "Àwọn agégi kan wà láti Ayétẹ̀ tí wọ́n sọ fún mi pé tí igi bá wó pa ìyá mi, kò kan àwọn. Mo ní ìwé ẹ̀ nílé." Ọ̀rọ̀ náà ń tóbi sí i bó ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ onífọkanáísà, wọ́n ti ní àwọn ará Ayétẹ̀ ti wó ilé méjì ní Èrúwà.

Iṣẹ́ padà sọ́dọ̀ mi. Mo tún fi ogún náírà lé iye mi. Àwọn ará Ayétẹ̀ dín tiwọn kù, wọ́n tún dín in kù, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Tí wọ́n bá dé ìdí igi kan, onígi á ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò kàn yín?"

Wọ́n wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kadà ò sí lábẹ́ wọn mọ́. Wọ́n ti tà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ń bà wá jẹ́ nílùú yìí," àgbà ní. "Wọ́n ní a sọ ohun tá ò sọ. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé. Ṣé a sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Ta wá ni?"

"Ayé ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mo fi Ọlọ́run sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé Ọlọ́run kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àgbà sọ fún mi pé tí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá tún lọ báyìí, àwọn máa ta ẹ́ńjìnnì, àwọn á padà sídìí ẹ̀gẹ́. Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́. Mo da Ọlọ́run láàmú púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo gé odán akọ̀wé tí hẹ́dímásítà kan fẹ́ gé igi ńlá tó wà láàárín ọgbà iléèwé ẹ̀. Igi méje ni, ká sòótọ́, ọ̀kan ńlá, mẹ́fà kéékèèké. Iṣẹ́ tó lè gbé agégi ró fún ọdún kan ni. Hẹ́dímásítà náà ti gbọ́ ti akọ̀wé, òun náà ní ká kọ ọ́ sínú ìwé. Àbúrò ará Ayétẹ̀ nìkan ló yọ sí mi lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti kún.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ ọ́," ó ní, ó ń wo ilẹ̀. "Mo ti ń lọ sí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ bá mi wò ó, bóyá ó tọ́."

Lẹ́tà ẹ̀ tóbi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá dúró bí ẹni tó ń bá èkejì ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ohunkóhun bá ṣe ọmọ iléèwé kan tàbí òrùlé, àwọn ló máa gbé ẹ̀bi ẹ̀. Ọmọ iléèwé ló fi ṣáájú. Mo ní ó tọ́. Mo bá a fi àmì kan sí ibi tó gbàgbé.

"Kí ló gbé ọ dé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà?" mo bi í.

"Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ka ìwé wa yẹn, ó wù mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín ẹ̀ nìyẹn. "Mo ti bẹ akọ̀wé kó fún mi ní ìwé yẹn, kí n lè máa wò ó kọ́ irú ọwọ́ yín. Ó ní ó wà nínú fáìlì, òun máa wá a."

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo sìn ín dé títì. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi bi mí pé ṣé ibà ń ṣe mí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, mo ti wà ní fàráńdà akọ̀wé. Mo ti ro ohun tí màá sọ: pé mò ń lọ s'Áyétẹ̀, kó jẹ́ kí n bá wọn gbé ìwé náà dání. Mo sì ti mú ìṣáná sápò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo sọ ọ́ fún un. "O pẹ́," akọ̀wé ní. "Àbúrò nínú wọn ti wá gbà á lánàá, bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ." Ó ṣí ìwé ńlá kan fún mi wò. "Ó buwọ́ lù ú pé òun gbà á. Wò ó, ó buwọ́ lù ú fúnra ẹ̀! Mo kí i kú oríire."

Mo wo orúkọ náà. Ó kọ ọ́ gòkè, ó kọ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé.

Mo háyà ọ̀kadà. A gba Ìdèrè kọjá, mi ò rí ilé kan, mi ò rí igi kan. Gbogbo irọ́ tó wà nínú mi ni mò ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó gún. Nígbà tí mo dé Ayétẹ̀, wọ́n wà níwájú ilé. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí àpò, àgbà ń fi àkísà nù ún. Mi ò bi í bóyá torí àtigé igi ni àbí torí àtità. Ìyá wọn ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àbúrò jókòó sórí àpótí, ìwé wà lórúnkún ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀. Ọlọ́run ló gbé yín wá," ni àgbà wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń ka ìwé yín fún wa, kò tíì lọ jìnnà. Ó ní ọwọ́ yín le."

"Ẹ so gbogbo ẹ̀ pọ̀," àbúrò ní. "Mo ti ka ti owó. Mo ti ka ti okùn." Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. "Tí... igi... bá... wó... lu... òrù... lé... tàbí... yà... rá... ẹni... kẹ́ni."

Ó dúró. Ó gbé ìwé náà wá bá mi, ìka ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀gbọ́n. Kí ni?"

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ ọ́n kó tó bi mí. Mo lè purọ́ síbẹ̀. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi: "àwa la máa tún un ṣe." Ṣùgbọ́n ìka ẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta péré, ohun tó wà lẹ́nu mi ò lè gba ibẹ̀. Ó ti mọ ìyẹn báyìí. Ẹni tó bá ti lè ka "yàrá" lè ka iye ọ̀rọ̀.

"Kò kàn wá," mo ní.

Ìyá wọn dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Àgbà gbé àkísà sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ohun tá a sọ nìyẹn?"

"Rárá."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì kà á fún wa."

"Mo kà á fún yín."

"Ẹni tẹ́ ẹ gbé iṣu fún nìyí?" ni ìyá bi wọn. Èmi kọ́ ló bi, àwọn ọmọ ẹ̀ ló bi, bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ogójì ọdún ó lé tí mo ti wà láyé, mo sì ti mọ̀ pé tí àgbàlagbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, kíá ni wọ́n máa ń ní kó dìde. Mo pẹ́ nílẹ̀ kó tó yé mi pé kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Mo dìde fúnra mi, mo gbọn yanrìn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé," ni àgbà wí. Kò pariwo. Ó lọ wọ ẹ̀wù.

Wọn ò ní ọ̀kadà mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì háyà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta ṣe gun ọ̀kadà kan náà, ọlọ́kadà níwájú, àbúrò tẹ̀ lé e, èmi láàárín, àgbà lẹ́yìn mi. Ikùn ẹ̀ ń ti mí lẹ́yìn ní gbogbo gegele. Tí ẹni tá ò mọ̀ bá rí wa, á rò pé ọ̀rẹ́ ni wá. Títí a fi kọjá Ìdèrè, ọlọ́kadà ń ráhùn pé táyà òun ń jìyà.

A bá akọ̀wé ní fàráńdà. Àwọn àgbà méjì kan tí wọ́n jọ ń kírun wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọkàn mi ní kí n ní a máa padà wá. Àbúrò na ìwé sí akọ̀wé, ó ní, "Sà, ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ti máa ń rò pé tí èèyàn bá jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á gùn. Kò gùn rárá. Wọ́n ní kí n kọ báyìí, mo kọ báyẹn, mo wá kà á fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn ní, "Súbúánáláì," ó gbójú kúrò lára mi.

Akọ̀wé wọlé, ó gbé fáìlì jáde, ó yọ ìwé tèmi, ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọwọ́ kan náà ni," ó ní. "Mo rò pé wọ́n bẹ̀ ọ́ ni, o sì kọ ohun tí wọ́n ní kí o kọ. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọ. Mo ní ọmọlúàbí ni ọkùnrin yìí, ó lè bá ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ kọ̀wé." Ó bọ́ dígí. "Ìwọ lo kọ méjèèjì?"

"Èmi ni, sà."

Ó yíjú sí àwọn ará Ayétẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n má bínú, pé ẹnu òun ló gbé e káàkiri, pé láti ọ̀la lòun ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà, ọ̀dọ̀ hẹ́dímásítà lòun sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n gé igi iléèwé yẹn, méjèèje. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ní kí wọ́n jókòó, oòrùn ti pa wọ́n. Ó fa àga méjì sún mọ́ wọn. Ó pe ìyàwó ẹ̀ látinú ilé pé kó gbé omi wá fáwọn àlejò.

Obìnrin náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ka orí àwa mẹ́ta, ó wo ojú ọkọ ẹ̀, ó padà wọlé. Nígbà tó jáde, kọ́ọ̀pù méjì ló wà nínú tíréè.